Ọ́ìlì wo ló yẹ ṣéènì kẹ̀kẹ́? Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i

Olùkọ́ Mọ́níyà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ilé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ jìnnà sílé mi tó kìlómítà 7, kò sì sí ọ̀dà lójú ọ̀nà náà, erùpẹ̀ pupa ni títí dé ẹnu géètì. Nígbà tí owó ọkọ̀ wọ́n jù fún mi ni mo ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan tó ní jíà 6 lẹ́yìn. Oṣù kẹrin rèé tí mo ti ń gùn ún, ara mi sì ń yá gágá sí i. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣéènì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ọmọ ẹyẹ tí ebi ń pa. Mo wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ọ̀kadà kan nítòsí wa. Ó da ọ́ìlì dúdú tí wọ́n yọ lára mọ́tò sí i, ó ní kò ní dún mọ́. Lóòótọ́, kò dún lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ti ba ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi jẹ́, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà: ó ń rún wómúwómú bí ìgbà téèyàn bá ń jẹ gàrí tí iyanrìn wà nínú rẹ̀.

Aládùúgbò mi kan ní gírísì ni kí n kì sí i. Ìyá ìyàwó mi ní àdín ni wọ́n ń fi sí kẹ̀kẹ́ bàbá wọn láyé ọjọ́sí. Èwo ni kí n ṣe báyìí? Ẹ jọ̀wọ́, ohun tí mo lè rí rà n'Íbàdàn níbí ni kí ẹ dárúkọ, kí ẹ sì sọ bí mo ṣe máa lò ó.

Àgbẹ̀ Ṣakí:
Olùkọ́, ẹ má dán gírísì wò. Mo ti kì í sí tèmi rí lásìkò ọyẹ́, nígbà tí mo ń gùn ún lọ sóko. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, eruku tó lẹ̀ mọ́ ọn ti di amọ̀ dúdú, ìṣó ni mo fi ha á kúrò láàárín eyín jíà bí ẹni ń ha ìkòkò tó jóná. Ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà tí mo ha á tán, inú ṣéènì gbẹ táútáú. Gírísì ò wọlé rárá, ìta ló jókòó sí.

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ Ìsẹ́yìn:
Olùkọ́ wa, ẹ kú làálàá. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, láti orí Raleigh tàwọn bàbá wa títí dé oníjíà tí àwọn ọmọ ń gùn lóde òní. Ibi tí Àgbẹ̀ parí ọ̀rọ̀ sí yẹn gan-an ni ká ti bẹ̀rẹ̀: inú. Ẹ fi ọwọ́ mú ìdè kan lára ṣéènì yín, ẹ gbójú sún mọ́ ọn. Awẹ́ irin pẹlẹbẹ kan wà lọ́tùn-ún, òmíràn wà lósì, píìnì kékeré kan gún wọn pọ̀, òrùka róbótó kan sì wà láàárín wọn. Ẹ fi èékánná ti òrùka yẹn, yóò yí. Nígbà tí ẹ bá ń tẹ kẹ̀kẹ́, orí píìnì yẹn ni ìdè ti ń ká tó tún ń nà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni kí ẹ tó dé ilé ìwé. Ibẹ̀ ni irin ti ń jẹ irin. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ dé. Ìta ò fẹ́ ju fẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó dípẹtà lọ.

Ẹ wá wo ohun tí ọ́ìlì dúdú yẹn ṣe. Kí wọ́n tó yọ ọ́ lára mọ́tò, èédú àti lẹ́búlẹ́bú irin ti kún inú rẹ̀. Ẹni tó dà á sí ṣéènì, ohun tí yóò máa lọ píìnì bí ọlọ ló dà sí i. Kò sì dáa fún awọ ara, ẹ má jẹ́ kó máa kàn yín lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà.

Ní ti àdín, òótọ́ ni ìyá ìyàwó yín sọ, èmi náà bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ìgbà yẹn ní páànù tó bo ṣéènì látòkè délẹ̀, eruku kì í rí i gbé ṣe. Tiyín wà ní gbangba. Epo tó bá ti ara èso wá, tó bá pẹ́ nínú afẹ́fẹ́, ṣe ló máa ń bàjẹ́ lórí irin, yóò máa fà bí oje igi. Epo pupa náà ò yọ sílẹ̀. Èèrà náà á tún wá wò ó.

Ohun tí mo ń lò ní ṣọ́ọ̀bù rèé. Mo máa ń ra ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tuntun, èyí tí wọ́n kọ 20W-50 sí lára, ìgò kékeré. Tí a bá lò ó bẹ́ẹ̀ lásán, ó ki jù, kò ní tètè wọlé, eruku á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, mo máa ń da ìdá kan rẹ̀ pọ̀ mọ́ kẹrosín-ìn ìdá mẹ́ta nínú ìgò, mo sì máa ń gbọ̀n ọ́n dáadáa. Kẹrosín-ìn ló ń gbé ọ́ìlì wọlé. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú kẹrosín-ìn á ti fẹ́ lọ, ọ́ìlì á sì kù sídìí píìnì níbi tí a fẹ́ ẹ.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ọ́ìlì tuntun lórí ìdọ̀tí, ìdọ̀tí yẹn náà ló máa gbé wọlé. Ẹ bu kẹrosín-ìn díẹ̀ sínú abọ́ tí ẹ ò fi jẹun mọ́, ẹ wá búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, kí ẹ máa fọ ṣéènì náà níbi tó wà lára kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì máa fọwọ́ yí pẹ́dà. Ẹ fọ eyín jíà náà. Ẹ máa pààrọ̀ kẹrosín-ìn títí tí kò fi ní dúdú mọ́. Ẹ fi àkísà nù ún, ẹ jẹ́ kí oòrùn pa á títí tí yóò fi gbẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra síríńjì ní kẹ́míìsì. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yín sàmì sí ìdè kan kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kán kan sórí òrùka kan, ẹ̀kán kan sórí òrùka kan, títí tí àmì yẹn á fi padà wá bá yín. Apá ìsàlẹ̀ ṣéènì ni kí ẹ ti máa kán an, láti inú, ní ẹ̀gbẹ́ tó ń kan eyín jíà. Òrùka ara ṣéènì oníjíà sábà máa ń tó 110 tàbí kó lé díẹ̀, ẹ má kánjú. Ẹ yí pẹ́dà sẹ́yìn bí ìgbà ọgbọ̀n. Ẹ lọ sùn.

Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ mú àkísà gbígbẹ, ẹ fi di ṣéènì mú, kí ẹ máa yí pẹ́dà. Ẹ nù ún, ẹ tún un nù, títí tí yóò fi dà bíi pé ẹ ò fi nǹkan kan sí i. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣàṣìṣe. Wọ́n rò pé ṣéènì tó ń dán tó sì ń kán ọ́ìlì ni ṣéènì tó jẹun yó. Rárá o. Ọ́ìlì tí ẹ bá rí lójú, eruku ló wà fún.

Ìyá Télọ̀ Òṣogbo:
Ẹ kú ọgbọ́n, Bàbá. Ọ́ìlì maṣín-ìn ìránṣọ, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ọ́ìlì Singer, ni mo ń fi sí kẹ̀kẹ́ ọmọ mi. Ó mọ́ bí omi, ó ṣàn, ẹnu ìgò rẹ̀ gùn ṣóńṣó débi tí èèyàn ò fi ní nílò síríńjì. Tó bá kán sí aṣọ, ọṣẹ máa ń tètè mú un kúrò. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń kán an. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé tí òjò bá pa á báyìí, ó ti lọ nìyẹn.

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ Ìsẹ́yìn:
Ìyá, ó dáa gan-an fún ọmọ tí kò gùn ún jìnnà. Olùkọ́ ń lọ kìlómítà 7, ó ń bọ̀ kìlómítà 7, kìlómítà 70 lọ́sẹ̀ nínú eruku. Ọ́ìlì tó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ á ti sá jáde kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Tí kò bá sí òmíràn, kí ó lò ó, kó máa kán an ní ọjọ́ kẹta-kẹta. Ó sàn ju ọ́ìlì dúdú lọ níye ìgbà.

Olùkọ́ Mọ́níyà:
Ẹ ṣeun o, Bàbá. Mo ti tẹ ọ̀rọ̀ yín sínú ìwé. Ẹ jẹ́ kí n tún béèrè mẹ́ta. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan gbé WD-40 wá fún mi, ohun inú àgolo tí wọ́n ń fọ́n sára irin, ó ní kí n kàn fọ́n ọn sí i. Èkejì, kẹrosín-ìn ti wọ́n jù, ṣé mo lè fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́? Ẹ̀kẹta, ìpẹtà wà lára àwọn ìdè mélòó kan, wọ́n ní ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń jẹ ẹ́ kúrò.

Oníkẹ̀kẹ́ Èkó:
Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, ẹ jẹ́ kí n gba èyí dáhùn. San Diego ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe WD-40 ní 1953, nítorí omi ni wọ́n sì ṣe ṣe é: ohun tí lẹ́tà W àti D yẹn dúró fún ni lílé omi kúrò lára irin. Ó wúlò tí òjò bá pa kẹ̀kẹ́ yín, ó sì máa ń tú ìdọ̀tí díẹ̀. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́ ni, ohun tó ń kù fẹ́lẹ́ jù fún ṣéènì tó ń gbé èèyàn. Tí ẹ bá lò ó, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ sì wá kán ọ́ìlì gidi sí i. Ilé iṣẹ́ kan náà ní ọ́ìlì mìíràn tí wọ́n ṣe fún kẹ̀kẹ́, àgolo ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ohun tó jẹ mí lógún jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń fọ́n ni bíréèkì. Mo fọ́n ọ́ìlì sí ṣéènì mi lọ́jọ́ kan láìfi nǹkan bo táyà ẹ̀yìn. Mi ò mọ̀ pé ó ti ta sí ara irin tí bíréèkì ń di mú. Mo dé ìkóríta, mo fún bíréèkì, kẹ̀kẹ́ kàn ń yọ́ lọ ni. Ìdí dáńfó tó dúró síwájú mi ló dá mi dúró. Egbò orúnkún nìkan ni mo gbà á, mo dúpẹ́. Látìgbà náà, kíkán ni, kì í ṣe fífọ́n. Bí bíréèkì yín bá jẹ́ èyí tó ń di ríìmù mú, ẹ ṣọ́ ríìmù náà bákan náà.

Pẹtiróòlù: ẹ má ṣe é, ẹ̀gbọ́n. Òórùn tó ń jáde lára rẹ̀ ń rìn lórí ilẹ̀, ó sì lè lọ gbé iná wá láti ibi ààrò tí ẹ ò fojú sí. Dísù sàn jù ú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í tètè gbẹ.

Ọsàn wẹ́wẹ́ àti omi bátìrì: rárá. Irin líle ni wọ́n fi ń ṣe ṣéènì. Tí ohun kíkan bá wọ inú irin líle, ó lè mú un sán láti inú wá láìjẹ́ pé ojú rí i, ìdè á wá já nígbà tí ẹ bá ń fi gbogbo agbára gun òkè. Nínú ìwé ìlò tí Shimano, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣéènì kẹ̀kẹ́, ń kó pẹ̀lú ṣéènì wọn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká má fi ohun tó ń jẹ ìpẹtà fọ̀ ọ́. Ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ rin ibi tó dípẹtà, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó. Èyí tó bá jẹ́ ojú lásán á lọ.

Tí ẹ bá lówó lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ ní ọ́ìlì ṣéènì gan-an nínú ìgò kékeré. Èyí tí wọ́n kọ «dry» sí, ó máa ń gbẹ lẹ́yìn tí ẹ bá kán an, eruku kì í fẹ́ràn rẹ̀, ọyẹ́ ló wà fún. Èyí tí wọ́n kọ «wet» sí ki jù ú, òjò kì í tètè fọ̀ ọ́ lọ, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ máa nù ún gidi. Ìgò kékeré kan á bá yín kalẹ̀ fún oṣù mélòó kan.

Ọmọ Ìbàdàn Nílùú Ọba:
Mo kí gbogbo ilé. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń gbé oúnjẹ kiri. Níbí, kì í ṣe eruku ló ń dà wá láàmú, iyọ̀ ni. Tí òtútù bá mú, ìjọba máa ń da iyọ̀ sójú títì kí omi dídì lè yọ́. Iyọ̀ yẹn àti òjò máa ń sọ ṣéènì di pupa mọ́jú. «Wet» ni mò ń lò láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, alaalẹ́ ni mo sì ń nu ṣéènì mi kí n tó wọlé.

Àmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àbẹ́là ni mo ń yọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo máa fi kẹrosín-ìn fọ ṣéènì títí gbogbo ọ̀rá inú rẹ̀ á fi tán, màá yọ́ àbẹ́là funfun nínú agolo tí mo gbé sínú omi gbígbóná, màá ri ṣéènì sínú rẹ̀, màá máa mì ín títí tí kò fi ní yọ ìfófòó mọ́, màá sì gbé e kọ́. Nígbà tó bá tutù, ó le gan bí igi, èèyàn á fọwọ́ ká a ní ìdè-ìdè kó tó rọ̀. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ọwọ́ yín ò ní dúdú. Ó máa ń gbé mi tó kìlómítà 200 sí 300 kí n tó tún un ṣe. Ẹ má gbé agolo yẹn sórí iná tààrà o, inú omi ni, nítorí àbẹ́là tó bá gbóná jù máa ń gbiná.

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ Ìsẹ́yìn:
Àbúrò mi, o ṣeun, iṣẹ́ tó mọ́ nìyẹn. Fún ọyẹ́ wa níbí, mo gbà pé ó lè dára ju ọ́ìlì lọ, nítorí eruku ò ní rí ohun tí yóò lẹ̀ mọ́. Ohun tí mo rí sí i ni pé ṣéènì Olùkọ́ ò ní ìdè tí wọ́n ń fọwọ́ ṣí. Èèyàn á máa fi irinṣẹ́ ti píìnì jáde, á máa tì í padà, bí ó bá sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni ojú ihò á máa gbòòrò. Tó bá sì di oṣù kẹfà, òjò kan ṣoṣo ti gba àbẹ́là náà lọ. Mi ò ní gbà á níyànjú pé kó fi bẹ̀rẹ̀.

Àgbẹ̀ Ṣakí:
Bàbá, tèmi ní ìdè tí wọ́n ń ṣí, ó ní kílíìpù kékeré. Mo máa ń tú u fọ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ṣéènì náà ti parí, pé kí n má kàn máa fi ọ́ìlì ṣòfò lórí rẹ̀?

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ Ìsẹ́yìn:
Kílíìpù yẹn ná: nígbà tí o bá ń dá a padà, ibi tó dí lára rẹ̀ ni kí ó kọjú sí ibi tí ṣéènì ń lọ, ẹnu rẹ̀ tó là á wà lẹ́yìn. Tí o bá gbé e sódì, igi tàbí koríko lè fà á yọ lójú ọ̀nà oko.

Ní ti pé ó ti parí, tépù ló ń sọ ọ́. Láti àárín píìnì kan sí àárín píìnì tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìdajì íǹṣì. Ka píìnì 24 sí iwájú èyí tí o bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, o gbọ́dọ̀ bá íǹṣì 12 géérégé, ìyẹn mìlímítà 304.8. Tó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún íǹṣì lé e, bíi mìlímítà 306.4, ra tuntun. Tó bá fi di mìlímítà 308, ó ti jẹ eyín jíà náà, o máa ra méjèèjì. Irin ò nà o, bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ. Píìnì àti ihò rẹ̀ ló jẹ, àyè kékeré-kékeré yẹn ló para pọ̀ tó gùn.

Ìyá Télọ̀ Òṣogbo:
Ẹ má fi tépù aṣọ tiwa wọ̀n ọ́n o. Ó máa ń fà tó bá ti gbó. Tépù irin tàwọn káfíńtà ni.

Olùkọ́ Mọ́níyà:
Ẹ kú ìmọ̀ràn, gbogbo yín. Sátidé ni mo ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo pààrọ̀ kẹrosín-ìn. Nígbà tí mo jẹ́ kí abọ́ àkọ́kọ́ silẹ̀, iyanrìn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ṣíbí kan, mo pe ìyàwó mi wá wò ó. Ìyẹn ló ti ń rún nínú ṣéènì mi. Mo wọ̀n ọ́n pẹ̀lú tépù káfíńtà: mìlímítà 306, ó kù díẹ̀ kó débi tí Bàbá ní ká ti pààrọ̀. Mo po 20W-50 àti kẹrosín-ìn, mo fi síríńjì kán an, òrùka 112 ni mo kà. Ẹ̀yìn ń dùn mí nígbà tí mo máa fi parí. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, mo fi síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti ya nù ún bí ẹ ṣe wí.

Mo gùn ún lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Ìró táyà lórí òkúta wẹ́wẹ́ nìkan ni mò ń gbọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tó máa ń gbọ́ mi láti ọ̀nà jíjìn ò mọ̀ pé mo ti dé títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà.

Ìbéèrè kan ló kù: ìgbà wo ni kí n tún kán an?

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ Ìsẹ́yìn:
Inú mi dùn gidi. Alaalẹ́ Jímọ̀, ẹ fi àkísà nù ún, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Nínú ọyẹ́, ẹ kán an lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Tí òjò bá pa yín, ẹ nu omi kúrò kí ẹ sì kán an lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ẹ má jẹ́ kó di mọ́jú. Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó ṣéènì tuntun láti báyìí, nítorí mìlímítà 306 yẹn ò ní pẹ́ di 306.4 lójú ọ̀nà yín.